Àwọn Tó Kù Sórí Omi

Nílé bàbá mi, ẹnikẹ́ni kì í jáde kó sọ pé, "Mò ń bọ̀." Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń sọ láìronú, tí wọ́n ń sọ bí wọ́n bá ń lọ sẹ́yìnkùlé lásán, èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ tiwa. Bí o bá ń lọ, wàá sọ ibi tí ò ń lọ, wàá sì pa ẹnu rẹ mọ́. "Mo lọ sétí omi." "Mo lọ sí Ajá." Ó tán. Bí o bá dé, ìgbà yẹn lo tó lè la ẹnu. Wàá ní, "Mo dé," bàbá mi á sì dáhùn láti ibi yòówù kó wà, ì báà máa tún àwọ̀n ṣe, ì báà jẹ́ pé oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ̀n-ẹ́n, o dé." Ẹlòmíràn kì í dáhùn. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, kò sì fún ẹnikẹ́ni ṣe.

Lọ́jọ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ wá sílé wa, nígbà tó ṣì jẹ́ bíríkìlà tí iṣẹ́ títì gbé wá láti Èkìtì, ó dìde pé òun fẹ́ lọ ra sìgá. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó ní, "Bàbá, mò ń bọ̀, sà." Bàbá mi gbé àwo oúnjẹ sílẹ̀. Ó ní, "Ta ló bi ọ́?" Ọkùnrin náà ò mọ èyí tí ì bá ṣe, bóyá kó jókòó ni o, bóyá kó sá ni o. Èmi ti ń rẹ́rìn-ín níbi tí mo fara pamọ́ sí, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà tí mo bá a lẹ́yìn ilé ni mo tó ṣàlàyé fún un pé kó fọkàn balẹ̀, pé kì í ṣe pé bàbá mi kórìíra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ogun ni.

Ọ̀rọ̀ ogun ni lóòótọ́. Nígbà ogun Jámánì, kí wọ́n tó bí mi, àwọn òyìnbó kó irú ọkọ̀ òfúrufú kan wá sórí ọ̀sà l'Ékòó. Ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ rí bí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi, ó sì ní táyà tó lè ká mọ́ra. Ó lè bà sórí omi, ó lè gun orí ilẹ̀, ó sì lè fò. Bàbá mi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Pẹ́pẹ́yẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wá àwọn tí ọkọ̀ òfúrufú wọn já sínú òkun, àti àwọn tí àwọn Jámánì yìnbọn lu ọkọ̀ wọn títí tó fi rì. Àwọn òyìnbó wá ń wá ẹni tó mọ omi, tí ìgbì ò ní já láyà. Ọ̀dọ́kùnrin apẹja ni bàbá mi nígbà náà. Wọ́n mú un.

Ẹnu ọ̀nà kan wà ní ìhà ọkọ̀ náà. Ibẹ̀ ni bàbá mi máa ń jókòó sí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà níta lórí omi, tí ọ̀pá gígùn tó ní ìkọ́ á wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹni tó ti pẹ́ nínú omi wúwo ju màlúù lọ," bó ṣe máa ń sọ fún wa nìyẹn bí a bá jọ ń fa àwọ̀n. "O ò gbọ́dọ̀ fà á lọ́wọ́. Wàá yí ẹ̀yìn rẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ, wàá ki ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá rẹ̀, wàá wá dúró de ìgbì. Ìgbì náà ló máa gbé e fún ọ." Ó kọ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ó kọ́ èmi, nígbà tó yá ó kọ́ ọkọ mi, ọmọ orí òkè tí kò rí òkun rí kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Á mú un lọ sétí omi, á sùn kalẹ̀ sínú ìgbì fúnra rẹ̀, á ní kó wá yọ òun. Àwọn ará abúlé á máa wò wọ́n bí ẹni ń wo eré.

Bàbá mi fẹ́ràn Pẹ́pẹ́yẹ yẹn. Bó bá ń sọ bó ṣe máa ń bà sójú omi, tí omi á fọ́n sókè funfun lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ẹ ó rò pé òun ló kàn án. Àmọ́ ohun kan wà lára rẹ̀ tó ń bà á nínú jẹ́. Kò lè gbé ju ìwọ̀nba ènìyàn lọ. Bí èrò bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí òkun sì ń ru, á kàn máa sáré lórí omi ni, kò ní lè dìde, ìgbì á sì fọ́ ọ.

Nígbà ọyẹ́ kan, wọ́n rí ọkọ̀ rọ́bà tí èrò kún fọ́fọ́. Wọ́n bà sí tòsí wọn. Ọkùnrin dúdú kan wà nínú omi lẹ́bàá ọkọ̀ rọ́bà náà, ọ̀kan nínú àwọn tó ń da èédú síná nínú ọkọ̀ ńlá tó rì. Òun ló ń ti àwọn yòókù síwájú, tó ń gbé wọn lé bàbá mi lọ́wọ́. Yorùbá ló ń sọ. "Ẹ gba eléyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Ẹ gba eléyìí náà." Nígbà tó kù díẹ̀ kó kan òun fúnra rẹ̀, òyìnbó tó ń wa ọkọ̀ náà nawọ́ sókè: ó ti kún. Wọ́n ju omi mímu àti bísíkíìtì sí àwọn tó kù. Ọkùnrin yẹn di etí ẹnu ọ̀nà mú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa padà?"

Bàbá mi ní, "À ń bọ̀."

Ọkùnrin náà tú ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi máa padà, ọyẹ́ ti bo ojú òkun, ẹ ò lè mọ ibi tí omi parí sí tí òfúrufú bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yí ibẹ̀ ká títí epo fi fẹ́ẹ̀ tán. Wọ́n tún lọ lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n rán wọn lọ síbòmíràn. Wọn ò rí rọ́bà, wọn ò rí ènìyàn. "Ó gbà mí gbọ́," ni bàbá mi máa ń sọ. "Ìdí tó fi tú ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn."

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń fi sùúrù gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kejì, ká tó sọ pé ogún ìgbà. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń yan ẹja, mo kọjú sí i, mo ní, "Bàbá, kí ni ẹ̀ bá ṣe? Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀ ni?"

Ó ní, "Ǹ bá sọ̀ kalẹ̀."

"Kẹ́ ẹ lè bá wọn kú?"

"Kí wọ́n lè padà dáadáa. Nítorí àjèjì, wọ́n yí títí epo fi fẹ́ẹ̀ tán, wọ́n sì relé. Tó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ló wà lórí omi ńkọ́? Ṣé wọn á rántí epo?"

Mo ní ogbó ti ń dé sí i. Mo yí ẹja sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Ìgbà tí wọ́n ń la títì márosẹ̀ láti Lẹ́kkí lọ sí Ẹ̀pẹ́ ni gbogbo nǹkan yí padà lọ́dọ̀ wa. Abúlé wa wà lẹ́yìn Ajá, láàárín títì náà àti òkun, a sì ń gbọ́ katapílà lápá kan, a ń gbọ́ ìgbì lápá kejì. Àwọn tó ń ra ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá pẹ̀lú okùn àti pákó ìwọnlẹ̀. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn náà ni ìjì gbé ọkọ̀ ńlá kan wá, tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀, ó sì gùnlẹ̀ sórí òkìtì iyanrìn inú òkun ní ọ̀kánkán wa. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ń dípẹtà. Àwa ń pè é ní òkú ọkọ̀. Tọ̀sán-tòru ló ń ké, irin ń lọ irin. Ohùn ẹni tí inú ń run ló jọ létí mi, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Láti ìgbà tó ti wà níbẹ̀, ìgbì òkun ò rìn bó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó ń yí òkú ọkọ̀ náà po láti apá méjèèjì, ó wá ń pàdé ara rẹ̀ ní àárín, níbi tí a ti máa ń gba kọjá wọ òkun láti ayébáyé. Bàbá mi a dúró sétí omi, a máa wò ó. Ó ní, "Ohun yìí ò tíì jẹun yó."

Àwọn lébìrà tí iṣẹ́ títì ti tán lọ́wọ́ wọn rí òkú ọkọ̀ yẹn, ojú wọn là. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún láti gé irin rẹ̀ tà. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbé wọn lọ láàárọ̀, tó ń gbé àwọn àti irin wọn bọ̀ lọ́sàn-án. Ọmọ òkè ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, láti Ọ̀ṣun, láti Èkìtì. Wọn ò mọ̀wẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ aláwàdà, kò sí ohun tí kò lè fi ṣẹ̀fẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, bàbá mi bá a létí omi, ó ní kó má lọ, pé ìgbì tòní ò dáa. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá, ẹ má wọ́rì. Ẹ jẹ́ á rí nǹkan jẹ jàre. Ogun ti parí tipẹ́." Ó ti ọkọ̀ wọ omi, ó fa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bó ṣe jìnnà díẹ̀ ló yíjú padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó pariwo, "Bàbá! Mò ń bọ̀ o!" Gbogbo lébìrà inú ọkọ̀ náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ti sọ ìtàn ilé wa fún wọn.

Ká ní òkúta wà nítòsí mi, ǹ bá sọ ọ́ lù ú. Mo wo ojú bàbá mi, mo rò pé á bínú. Kò bínú. Ó rìn wọlé, ó na ọwọ́ sábẹ́ òrùlé, ó fa àjẹ̀ rẹ̀ yọ. Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀, aláǹtakùn ti takùn bò ó. Ó nù ún, ó fi tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì jókòó tì í. Mo padà sídìí ààrò kí n má baà bi í léèrè.

Àwọn ọkùnrin abúlé ti lọ sí ìpàdé ilẹ̀ ní Ajá lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn pátá. Bàbá mi ò lọ torí kò lè fara da ariwo. Ọkọ mi ò lọ torí pé àlejò ni, kò ní ilẹ̀ tó máa tà, ó ń rẹ́ ògiri ilé ìdáná fún mi. Èmi wà nídìí ààrò, oyún wà nínú mi. Lẹ́yìn tí oòrùn kọjá àtàrí, atẹ́gùn yí padà lójijì, èéfín ààrò tó ti ń lọ sókè ilẹ̀ wá ń fẹ́ lọ sójú òkun. Mo gbójú sókè. Mo rí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó ń bọ̀ láti ibi òkú ọkọ̀ yẹn, èrò àti irin kún inú rẹ̀, ó ti rì sínú omi débi pé díẹ̀ ló kù kí omi wọlé. Ó dé ibi tí ìgbì ti ń pàdé ara wọn. Ìgbì apá ọ̀tún gbé e, tapá òsì gbá a. Nígbà tí mo máa ṣẹ́jú, ìdí ọkọ̀ ló wà lókè, dúdú, pẹ̀lú orí ènìyàn yí i ká.

Mo lọgun. Bàbá mi ti ń lọ pẹ̀lú àjẹ̀ rẹ̀. Ó pe ọkọ mi láìwẹ̀yìn: "Fi sìmẹ́ǹtì yẹn sílẹ̀, ọmọ mi, ó yá." Ọkọ̀ kékeré tirẹ̀ nìkan ló kù lórí iyanrìn, èyí tó fi ń ṣọdẹ akàn ní etí ọ̀sà. Àwọn méjèèjì tì í wọ ìgbì. Ó kọ́kọ́ lé wọn padà. Wọ́n tún tì í.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹnu ọkọ mi ni mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n bá àwọn lébìrà tí wọ́n rọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń wẹ̀ yí wọn ká, ó ń gbé àwọn tó bá fẹ́ já bọ́ padà sókè. Ìṣàn omi sì ń gbé gbogbo wọn lọ sára irin òkú ọkọ̀ tó ti ya, tó mú bí ọ̀bẹ. Wọ́n ń fà wọ́n wọlé bí bàbá mi ṣe kọ́ ọ: ẹ̀yìn sọ́dọ̀ rẹ, ọwọ́ lábẹ́ abíyá, dúró de ìgbì. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń tì wọ́n wá. "Ẹ gba eléyìí. Ẹ gba eléyìí." Ọkọ mi ní bàbá mi yíjú wo ọmọ rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ìyẹn, ó sì tún na ọwọ́. Nígbà tí lébìrà tó kẹ́yìn wọlé, omi ti fẹ́ máa bọ́ sínú ọkọ̀. Kò lè gba ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Ó di etí ọkọ̀ mú, kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ máa padà?"

Bàbá mi tú okùn ọkọ̀, ó ká a mọ́ apá, ó sì yí ara rẹ̀ sínú omi.

Ọkọ mi kígbe pé, "Bàbá, ẹ wọlé! Èmi fúnra mi máa padà wá gbé e, mò ń..."

"Má sọ ọ́!" Bàbá mi ti ń so okùn náà mọ́ ara rẹ̀ àti mọ́ ọmọ rẹ̀. "Tí mo bá bá ọ lọ, tá a bá ti délẹ̀, tó o rí bí ìgbì ṣe rí, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Má sọ fún mi pé ò ń bọ̀. Ṣáà wá."

Èmi ò mọ gbogbo ìyẹn. Èmi tí mo wà létí omi kàn rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ ni, mo ń wá irun funfun láàárín àwọn orí tó wà nínú rẹ̀, mi ò rí i. Mo wá ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rí i. Àwọn lébìrà bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń bì sórí iyanrìn, wọ́n ń pe Ọlọ́run lóríṣiríṣi ọ̀nà. Ọkọ mi dúró. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń kán lára àjẹ̀. Ó ní, "Wọ́n wà níbẹ̀. Bàbá dúró tì í." Ó yíjú wo òkun. Ìgbì ti ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo rí i pé ó fẹ́ jókòó.

Kí ni kí n sọ? Mo fẹ́ kó lọ. Mi ò fẹ́ kó lọ. Bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n mi wà lórí omi, bàbá ọmọ inú mi ló dúró níwájú mi. Mo di etí ọkọ̀ mú pé èmi náà ń bá a lọ, ó já ọwọ́ mi kúrò. Ọ̀kan nínú àwọn lébìrà yẹn, ọ̀dọ́kùnrin tí kò mọ̀wẹ̀, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú omi, dìde, ó nu ẹnu rẹ̀, ó gba àjẹ̀ bàbá mi, ó wọlé síwájú ọkọ̀.

Ọkọ mi wò mí. Ó ní, "Mo lọ."

Wọ́n lọ. Mo dúró. Òkú ọkọ̀ yẹn ń ké. Ẹja mi jóná lórí ààrò, mo ń gbóòórùn rẹ̀, mi ò lọ yọ ọ́. Oòrùn ń pọ́n, omi náà ń pọ́n, mi ò rí ìdí ọkọ̀ tó dorí kodò yẹn mọ́, mi ò rí orí kankan. Ẹ̀rù bà mí débi pé ọmọ inú mi ń ta pọ́ún-pọ́ún. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ọkùnrin kan nínú ọyẹ́, ìgbà yẹn ló tó yé mi ohun tí ọkùnrin náà ń wò lẹ́yìn tó tú ọwọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, mo rí imú ọkọ̀ lórí ìgbì. Ó wọlẹ̀, ó tún yọ. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn lébìrà sáré wọ omi dé àyà láti lọ fà á. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sọ̀ kalẹ̀. Ó wà láàyè. Irin ti ya ẹ̀yìn rẹ̀, okùn ṣì wà ní ìbàdí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé e. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí iyanrìn, mo kúnlẹ̀ tì í, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún bí ọmọ kékeré.

"Ó gbé mi lé àyà," ó ní. "Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ ló ti gbé mi lé àyà, òun ló kọ ẹ̀yìn sí irin. Mi ò ríran, iyọ̀ ti wọ̀ mí lójú. Òun ló rí wọn. Ó ní, 'Wọ́n dé.' Mo ní, 'Bàbá, ṣó dá yín lójú?' Ó tún ní, 'Wọ́n dé.' Ohùn rẹ̀ dùn, àbúrò. Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ọwọ́ rẹ̀ wá tú lára mi. Okùn yẹn ló kù tó di àwa méjèèjì pọ̀."

Mo dìde. Ọkọ mi ò tíì jáde nínú omi. Ó dúró níbi tí omi ti mù ún dé ìbàdí, ó di imú ọkọ̀ mú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn. Ó ń wò mí. Mo rìn wọ omi lọ bá a tòun taṣọ.

Ó ní, "Mo dé."

Ó ń dúró de ìdáhùn. Èmi náà dúró. Ìgbì wá, ó kọjá lára wa. Mo ń retí ohùn kan láti ibi tó ti máa ń wá.

"Ẹ̀n-ẹ́n," mo ní. "O dé."

Lẹ́yìn náà ni mo tó wo inú ọkọ̀.